Kónílé-ó-gbélé ní Èkìtì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù, àti ìdáhùn wọn

Ní ọdún 2020, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì. Kí àrùn Kòrónà tó dé, iṣẹ́ akọ̀wé kò ju kí n gba owó ọdẹ, kí n sì kọ orúkọ ẹni tí kò wá sípàdé. Ìgbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé ni fóònù mi kò sinmi mọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. "Akọ̀wé, ṣé mo lè lọ sóko?" "Akọ̀wé, wọ́n ti dá ọmọ mi dúró lẹ́nu ibodè." Mo ra ìwé kan, mo sì ń kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí i pẹ̀lú ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Ìdáhùn tí n kò mọ̀, mo máa ń wá a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò wa àti lọ́yà tó ń gbé lójúlé kẹta sí wa.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ ni mo ti ṣa èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, mo sì fi ohun tí mo ti mọ̀ láti ìgbà náà kún un. Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wà nínú òkùnkùn bí àwa ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti dẹ òfin náà. Ẹ̀yin ní kò tíì dẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Ìbéèrè yìí ló kó wàhálà bá wa jù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síwájú. Kì í ṣe òfin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá wà ní títì fún ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò dárúkọ Èkìtì rárá. Òfin tiwa, ọ̀dọ̀ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ló ti wá, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30 oṣù kẹta yẹn kan náà. Torí pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé òfin kan ni. Bí rédíò Èkó bá ti sọ̀rọ̀ nípa ọjà Mushin, ẹnìkan ní Ìjerò á ti gbé apẹ̀rẹ̀ rù.

Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n bi ẹni tó mú ìròyìn wá ní nǹkan mẹ́ta: ìjọba wo ló sọ ọ́? Ó di ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo? Àwọn wo ni òfin náà yọ sílẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nílé, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Rédíò ìpínlẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ìjọba Èkìtì yí ọjọ́ àti wákàtí tí ènìyàn lè jáde padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin oṣù díẹ̀, nítorí náà ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti agbára òfin: kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán. Òfin ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn kan wà lórílẹ̀-èdè yìí tó ti wà láti ọdún 1926, láyé àwọn Òyìnbó. Òun ni Ààrẹ dúró lé, àwọn gómìnà náà sì ní agbára tiwọn.

Ṣé ìséde náà ni?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìséde ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà. Gbogbo wa la mọ ìséde. Akéde á lu agogo, á sọ àkókò tí oníkálukú gbọ́dọ̀ ti wọlé, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ó parí. Ìséde alẹ́ ni ìjọba ń ṣe nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Kónílé-ó-gbélé yàtọ̀: tọ̀sán-tòru ni, ọjọ́ rẹ̀ sì máa ń gùn.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn ń pò pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ṣùgbọ́n tó ti bá aláàrùn pàdé, wọ́n á ní kó dá wà fún ọjọ́ mélòó kan láti wò ó bóyá àrùn á yọ lára rẹ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní in ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ pátápátá. Gómìnà Fáyẹmí fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù keje ọdún 2020 pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní àrùn náà, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo fi ìyẹn pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé ìtìjú ni mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ 14? Kí ló dé tí wọ́n tún fi 14 mìíràn lé e?

Bí àrùn yìí bá wọ ara ènìyàn lónìí, kì í sábà fara hàn lónìí. Ẹlòmíràn á ṣe ọjọ́ méjì, ọ̀pọ̀ á ṣe bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 14. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè máa kó o ran ẹlòmíràn bíi ọjọ́ méjì kí òun tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Nítorí náà, bí gbogbo ènìyàn bá wà nílé fún ọjọ́ 14, ẹni tó ti ní in á mọ̀, kò sì ní rí ẹni púpọ̀ kó o ràn.

Ṣùgbọ́n nílé tí ènìyàn mẹ́jọ ń gbé, bí ẹni àkọ́kọ́ bá kó o ran ẹnì kejì ní ọjọ́ kẹwàá, òǹkà ti ẹnì kejì ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan tí wọ́n fi ń fi 14 lé 14 nìyẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ni Ààrẹ fi ọjọ́ 14 mìíràn kún ti Èkó, Ògùn àti Àbújá. Inú bí àwọn ènìyàn. Ó bí èmi náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n ń fi wá ṣeré.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí ní Èkìtì. Ṣé torí ẹnì kan la ṣe máa ti gbogbo ìpínlẹ̀?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ ní Èkìtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ọjọ́ 27 oṣù kejì tí wọ́n rí ti àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá ṣì jẹ́ ẹnì kan ni títìlẹ̀kùn wúlò jù. Bí iná bá ń jó koríko lẹ́bàá oko, ìgbà yẹn là ń gé ewé tútù lù ú. Ẹ ro ilé ìwòsàn wa wò náà: ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ti yunifásítì ní Adó, àti àwọn jẹ́nẹ́rà káàkiri. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí nínú gbogbo wọn kò pọ̀. Bí ènìyàn 50 bá nílò rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà, àwọn dókítà á gbìyànjú. Bí 50 náà bá dé lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Àwọn wo ló lè jáde?

Òṣìṣẹ́ ìlera, agbófinró, panápaná, oníròyìn, oníná àti olómi, ẹni tó ń ta oúnjẹ tàbí oògùn, ẹni tó ń kó oúnjẹ àti epo. Kí wọ́n mú káàdì iṣẹ́ dání. Ẹni tó kù lè jáde lọ ra oúnjẹ tàbí oògùn ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bá là sílẹ̀. Ẹnì kan láti ilé kan tó. Kí ìyá, ọmọ àti ìyàwó ọmọ má ṣe jọ lọ ra tòmátì.

Oko ńkọ́? Òjò ti rọ̀.

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló dùn mí jù nígbà tí wọ́n ń bi mí, torí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń mú ilẹ̀ rọ̀ ní Èkìtì. Ìgbà yẹn là ń gbin àgbàdo, ìgbà yẹn ni ẹni tí kò tíì kọ ebè ń sáré kọ ọ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 28 jókòó sílé nígbà yẹn, kì í ṣe ọjọ́ 28 ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún kan ni. Iṣu tí a kò gbìn ní 2020 ni a kò ní gún ní 2021.

Oúnjẹ wà lára ohun tí òfin yọ sílẹ̀, iṣẹ́ oko sì ni oúnjẹ. Ìṣòro wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe nínú oko. Nínú oko, ìwọ àti ebè rẹ lẹ wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sẹ́ni tó ń mí sí ẹ lójú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́jọ bá há sẹ́yìn ọkọ̀ kan láti Adó lọ sí oko lọ́nà Ìlawẹ́, inú ọkọ̀ yẹn ni àrùn wà. Nítorí náà mo ń sọ fún wọn pé: ẹ fẹsẹ̀ rìn bí ọ̀nà kò bá jìn, bí ó bá jìn, ẹ gun ọ̀kadà ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ ní kùtù, kí àdá àti ọkọ́ wà lọ́wọ́ yín níta gbangba kí ẹni tó bá dá yín dúró lè rí i pé oko lẹ ń lọ. Ẹ má ṣe ọ̀wẹ̀ elérò púpọ̀ rárá lákòókò yẹn. Bí ẹ bá nílò alágbàṣe, ẹ mú ẹni tó ń gbé nítòsí oko.

Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kan wà tí oko wọn bọ́ sí ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní apá ọ̀nà Àkúrẹ́. Ibodè ti wà ní títì. Bàbá kan nínú wọn bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé isu mi ti di ará ìlú mìíràn ni?" N kò ní ìdáhùn tó dára fún un. Lọ́yà wa ní kó lọ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó lọ, wọ́n sì fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ìwé yẹn ni kí àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà níkọjá ibodè kọ́kọ́ wá, kí ó tó di pé wọ́n ti ọ̀nà.

Ilé wa jẹ́ yàrá mẹ́wàá, kànga kan, ilé ìyàgbẹ́ méjì. Báwo la ṣe fẹ́ gbélé?

Àwọn tó kọ òfin náà ní ilé tó ní géètì lọ́kàn. Ilé wa ní Òkèṣà, ní Ajílósùn, ní Bàṣírì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ilé kejì sí wa sọ fún mi lọ́jọ́ kẹta pé, "Akọ̀wé, kì í ṣe ulé ni mo wà yìí, àhámọ́ ni." Yàrá kan, ọmọ ọmọ mẹ́rin, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri.

Nílé bẹ́ẹ̀, ẹ má ka yàrá kọ̀ọ̀kan sí ilé. Ẹ ka gbogbo ọgbà náà sí ilé kan. Ẹ jọ wà pọ̀, ẹ jọ dáàbò bo ara yín: kí àlejò má wọlé, kí ẹni tó ń jáde lọ ra nǹkan jẹ́ ẹni kan tàbí méjì fún gbogbo ọgbà, kí ó sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Ohun tí a ṣe nílé ìyá àgbà yẹn rèé. A gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan tí a so ẹ̀rọ sí nídìí sẹ́nu ọ̀nà, a fi ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, a sì fi okùn so ó mọ́ ọn kí àwọn ọmọdé má bàa gbé e sọnù. Ẹni tó bá wọlé á fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Wọ́n pín àkókò ìwẹ̀ sí méjì, àwọn àgbà ní àárọ̀, àwọn ọmọdé ní ọ̀sán, kí wọ́n má bàa máa tò sẹ́nu ilé ìwẹ̀ kan. Wọ́n gbé àga ìyá àgbà jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Afẹ́fẹ́ dára ju yàrá tó há lọ. Ẹ ṣí fèrèsé. Òfin ní kí ẹ wà nílé, kò ní kí ẹ ti ara yín mọ́ inú ooru.

Bí ẹnìkan nínú ọgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ tí ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ fún un ní yàrá kan tó lè dá wà, kí ẹlòmíràn sì lọ sùn ní yàrá ọ̀rẹ́. Ìtìjú ni ọ̀tá ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n á ṣá òun tì kò ní sọ. Ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé lójoojúmọ́. Ẹ pe 6232, nọ́ḿbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, tàbí nọ́ḿbà tí ìpínlẹ̀ bá kéde.

Ọmọ mi fẹ́ wá láti Èkó. Ṣé kí n ní kó máa bọ̀?

Rárá o. Mo mọ̀ bó ṣe rí lára. Ọmọ wà ní Èkó, iṣẹ́ ti dúró, owó ilé ti pé, ìlú kò rọgbọ, ó ní òun fẹ́ padà wá bá ìyá òun. Ìyá wo ló máa ní kó má bọ̀? Ṣùgbọ́n Èkó ni àrùn náà ti pọ̀ jù nígbà yẹn. Èkìtì bá ìpínlẹ̀ mẹ́rin pààlà: Òǹdó, Ọ̀ṣun, Kwara àti Kogí. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ lè gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé, wọ́n sì ń gbà á. Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ ni òfin gbà láàyè kó kọjá, nítorí náà àwọn ènìyàn ń fara pamọ́ sáàrin àpò ìrẹsì àti màlúù láti wọlé. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ tapólì kan, wákàtí mẹ́fà, láìsí afẹ́fẹ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní in, wọ́n á jọ gbé e délé. Ìyá tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dì mọ́.

Aládùúgbò mi kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó dúró. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń pè é láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó sunkún lójú mi. Ó ṣe ohun tó tọ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ tó gbà kí ènìyàn tún máa rìn láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ọmọ náà sì dé lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí ọmọ bá ti dé láìbéèrè lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ má lé e padà sójú ọ̀nà. Yàrá tirẹ̀, àwo tirẹ̀, ọjọ́ 14. Kí ìyá àgbà kí i láti òkèèrè.

Bàbá wa kú. Ṣé a lè sin ín?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè sin òkú. Ayẹyẹ ni ẹ kò lè ṣe. Èkìtì mọ ìnáwó òkú, gbogbo wa la mọ̀: aṣọ ẹbí, kánópì láti ojúlé dé ojúlé, iyán àti ẹran ìgbẹ́, èrò láti gbogbo ìlú. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn ń wá. Ẹ sin ín pẹ̀lú ẹbí tó súnmọ́ jù, ní kùtù, kí oníkálukú padà sílé. Ẹ lè fi ìnáwó sí ọdún kejì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Bó bá jẹ́ àrùn náà ló pa á, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni kó sin ín. Ẹ má wẹ òkú, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo wà níbi ìsìnkú kan ní Ìkọ̀lé ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ló pa bàbá náà. A kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkọ́bí rẹ̀ há sí Ìbàdàn, ojú fóònù ló ti ń wò wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló di fóònù náà mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí wọ́n tó de pósí, ohùn àkọ́bí jáde nínú fóònù pé, "Ẹ sún un mọ́ ẹsẹ̀ bàbá. Ṣé wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un? Òtútù máa ń mú un lẹ́sẹ̀." Àbúrò rẹ̀ sún fóònù mọ́ ọn. Wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni.

Ìsìn ńkọ́?

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2020 bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣe méjèèjì. Àwọn tó ní àdúrà àjùmọ̀gbà ló ń lé àrùn lọ, mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn, èmi náà sì jẹ́ onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ẹni 500 ń gbọ́ ti ẹni márùn-ún nínú pálọ̀. Nígbà tí wọ́n dẹ òfin ní oṣù karùn-ún, ìlànà ìjọba àpapọ̀ ṣì ni pé kí ìpéjọ má ju 20 lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tán. Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ lọ. Ẹ má dúró. Òfin kónílé-ó-gbélé kò ní kí aláìsàn kú sílé. Aláìsàn, aboyún tó ń rọbí, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ léṣe, ọ̀nà wà fún gbogbo wọn, ní ọ̀sán tàbí lóru. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn tàbí ìwé oògùn dání. Fún aboyún, ẹ ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ kí oṣù tó pé, kí ẹ mọ nọ́ḿbà rẹ̀ àti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ní àdúgbò wa, a yan ọkọ̀ méjì fún ìyẹn, a sì kọ orúkọ àwọn awakọ̀ náà sára ògiri ilé ìpàdé. Ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́, ẹ máa ra ti oṣù méjì sílẹ̀ bí agbára bá wà.

Agbófinró dá mi dúró. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ ní gbólóhùn kan, ẹ fi ìwé yín hàn. Bó bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú yín, iwájú adájọ́ ni kí wọ́n gbé yín lọ, ìtanràn tí adájọ́ bá dá ni ẹ máa san, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Kò sẹ́ni tó ní àṣẹ láti na yín lẹ́gba, láti mú yín fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tàbí láti gba owó lọ́wọ́ yín lójú títì.

Mo sọ èyí torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń lọ ra oògùn fún ìyàwó mi, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó dúró lójú ọ̀nà kò wo ìwé náà rárá. Ó ń wo àpò ẹ̀wù mi. Mo fún un ní náírà 500, mo kọjá. Títí di òní, inú mi kò dùn sí i, torí ẹni tó tẹ̀lé mi kò ní 500.

Ohun tó tún burú ju owó lọ wà níbẹ̀. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lórílẹ̀-èdè yìí kéde pé agbófinró ti pa ènìyàn 18 láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn ará ìlú pa òfin náà mọ́. Iye àwọn tí àrùn fúnra rẹ̀ ti pa nígbà yẹn kò tó bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe láti dá ẹ̀mí sí! Nítorí náà, bí wọ́n bá fìyà jẹ yín, ẹ kọ àkókò, ibi, àti nọ́ḿbà tó wà láyà aṣọ tàbí lára ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gbàgbé.

Ṣé àgbo, ògógóró tàbí chloroquine lè dènà rẹ̀?

Rárá. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, tí wọ́n pe ara wọn lóru pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ènìyàn kú nídìí iyọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn kan ní Èkó gbé chloroquine mì ní àmìjù, wọ́n sì dèrò ilé ìwòsàn. Ẹ mu àgbo yín bí ẹ ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ jáde.

Ìbòmú ńkọ́?

Ẹ lò ó. Kí ó bo imú àti ẹnu, kì í ṣe àgbọ̀n. Aṣọ àǹkárá onípele méjì dára, ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dúró níwájú ẹlòmíràn, kí ààyè mítà méjì wà láàrin yín.

Mo ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Bí n kò bá jáde, kí la máa jẹ?

Mo ti mọ̀ pé ibí la ń bọ̀. Òfin tí kò dáhùn ìbéèrè yìí, àwọn ènìyàn kò lè pa á mọ́, n kò sì ní bá wọn wí. Onídìrí, ọlọ́kadà, bíríkìlà, ẹlẹ́fọ̀ọ́: owó òní ni oúnjẹ òní. Ìjọba pín oúnjẹ ìrànwọ́, àwọn kan rí i, ọ̀pọ̀ kò rí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rù wọlé ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì bá ìrẹsì àti ìndómì tí àwọn oníṣòwò ńlá fi ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ebi tó pa wá ní oṣù kẹrin kò yẹ kó pa wá.

Ohun tí àdúgbò lè ṣe láìdúró de ìjọba ni mo lè sọ. Ọjọ́ kejì òfin la ti lọ láti ilé dé ilé, a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, àwọn opó, àti àwọn àgbà tí kò ní ọmọ nítòsí. A bẹ àwọn tó ń gba owó oṣù pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n bá lè mú wá. Gààrí, ẹ̀wà, epo, iyọ̀. Alájọ wa náà gbà láti dá owó àwọn èèyàn padà kí oṣù tó pé, kò sì yọ ọjọ́ kan tirẹ̀ tó máa ń yọ. Kóńgò gààrí méjì àti kóńgò ẹ̀wà kan ni a ń wọ̀n fún ilé kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, tí ojú ti ń ṣú, la máa ń gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹni tó gbà.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ṣagbe rí. Mo sọ fún un pé kí ó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé ìpàdé wa, kí ó fi san gààrí náà. Ó rò ó, ó gbà. Kí òfin tó dẹ̀, tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ti ga débi orúnkún, gbogbo àdúgbò la jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì kí ẹ tó kọ ìwé orúkọ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan ti fi ebi sùn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí?

Kì í parí lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin Èkó, Ògùn àti Àbújá, tí wọ́n sì fi ìséde alẹ́ àti ìbòmú sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Oṣù keje ni wọ́n ṣí ọ̀nà láàrin àwọn ìpínlẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 pé ó ti di àjàkálẹ̀ kárí ayé, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ló tó sọ pé pàjáwìrì rẹ̀ ti tán. Ẹ fetí sí rédíò ìpínlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bá dá sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ti wa ṣì wà lára ògiri ilé ìpàdé, lókè orúkọ àwọn awakọ̀ méjèèjì.